Sìgá ni mo fi ń ṣínu. Mo fẹ́ fi í sílẹ̀, ẹ bá mi dá sí i

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Àìkú, 9:40 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ níbí láì dá sí i. Lónìí ó kàn mí.

Wẹ́dà ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òdógunyàn, Ìkòròdú níbí. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń fa sìgá. N kì í fa páàkì kan tán lójúmọ́ o. Méjìlá ni, bí ọjọ́ bá le, mẹ́rìnlá. Ẹyọ ẹyọ ni mò ń rà á lọ́wọ́ àbókí tó wà lójúde ṣọ́ọ̀bù, ẹni tó fi okùn so láítà mọ́ ara kíóòsì rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ.

Ohun tó gbé mi dé ibí rèé. Ààwẹ̀ tó kọjá, mo gbà á pé, n ò jẹ ọjọ́ kankan. Láti sààrì títí di ìṣínu, èéfín ò kan ẹnu mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti ń sọ láàárín ara wọn pé ọ̀gá ti jáwọ́. Àmọ́ bí ládàánì bá ti ń pe ìrun àṣálẹ́ báyìí, kì í ṣe omi ni mò ń wá, kì í ṣe dàbínù. Ẹ̀yìn ilé ni mò ń gbà lọ, níbi tí táǹkì omi wà. Sìgá ni mo fi ń ṣínu. Ìyàwó mi mọ̀, kò sọ̀rọ̀. Nígbà tó ku bí ọjọ́ mẹ́rin kí ààwẹ̀ parí, ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, gbé àwo dàbínù tẹ̀ lé mi dé ẹ̀yìn táǹkì. Ó ní, "Dádì, ẹ ò tíì jẹ nǹkan kan." Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo náà dání, ó ń dúró kí n parí. Mo sì parí ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí títí di òní nìyẹn. Mo fà á tán kí n tó mú dàbínù.

Ta ló ti fi í sílẹ̀ lóòótọ́ nínú yín, báwo lẹ ṣe ṣe é? Kí ló sì dé tí mo fi lè mú un mọ́ra fún wákàtí mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá lójúmọ́ nínú ààwẹ̀, tí n ò lè ṣe odindi ọjọ́ kan lẹ́yìn ọdún Ìtúnu? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wàásù fún mi. Mo ní àáfà ládùúgbò.

Ará_Sábó
Ọjọ́ Àìkú, 9:58 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ dàbínù yẹn wọ̀ mí lára. N ò ní ìmọ̀ràn kankan, mo kàn jókòó tì yín ni.

Dẹ́rẹ́bà_Ìtòkín
Ọjọ́ Àìkú, 10:15 alẹ́

Bọ̀dá wẹ́dà, ẹ kú ìnira. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ má já a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà o, ara ò ní gbà á. Ọkọ̀ Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ ni mò ń wà, ogún ni mò ń fà lójúmọ́ tẹ́lẹ̀. Mo fà á wálẹ̀ sí mẹ́wàá. Láti mẹ́wàá mo fà á dé márùn-ún. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Tíṣà_Ìgbógbó
Ọjọ́ Àìkú, 10:31 alẹ́

Dẹ́rẹ́bà, láti márùn-ún ńkọ́?

Dẹ́rẹ́bà_Ìtòkín
Ọjọ́ Àìkú, 10:33 alẹ́

Márùn-ún náà ni. Ọdún kẹrin rèé.

Ará_Sábó
Ọjọ́ Àìkú, 10:34 alẹ́

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí nínú òkùnkùn.

Bàbá_Ìmọ̀ta
Ọjọ́ Ajé, 5:50 àárọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, gbogbo nǹkan lẹ fi ń da ara yín láàmú. Baba tó bí mi lọ́mọ fi ìkòkò mu tábà láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, ó ṣì ń lọ sóko nígbà tó lé lọ́gọ́rin ọdún. Ìyá mi ń fi aáṣáà há ètè. Ikú kì í béèrè ẹni tó ń mu tábà kó tó wọlé. Wẹ́dà, bí ọkàn rẹ bá ń dá ọ lẹ́bi, dín in kù. Bí o ò bá lè dín in kù, gba aáṣáà, ìyẹn ò ní èéfín.

Tíṣà_Ìgbógbó
Ọjọ́ Ajé, 7:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Àmọ́, sà, àwọn tó mu ún tí wọn ò dé ọgọ́rin, wọn ò sí níbí láti wá kọ tiwọn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn tó ń lo tábà tí wọn ò fi í sílẹ̀, ó lè tó ìdajì wọn tí tábà náà máa pa. Baba yín bọ́ nínú rẹ̀. A dúpẹ́. Ta wá ni ẹnì kejì?

Ọmọ_Ìpàkodò
Ọjọ́ Ajé, 9:12 àárọ̀

Kí ẹ̀gbọ́n bọ́ sórí ṣíṣà ńkọ́? Omi ń fọ èéfín yẹn kó tó dé ọ̀fun.

Apòògùn_Agric
Ọjọ́ Ajé, 1:20 ọ̀sán

Àbúrò Ìpàkodò, omi ò fọ nǹkan kan o. Ó kàn ń mú èéfín tutù kí ẹ lè fà á pẹ́ ni. Ẹni tó jókòó ti ṣíṣà fún wákàtí kan ń fa èéfín ju ti ẹni tó fa sìgá kan lọ fíìfíì. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà, ìbéèrè ààwẹ̀ yín ló mú mi jókòó kọ èyí, torí gbogbo ọdún ni àwọn èèyàn máa ń bi mí ní fámásì lẹ́yìn Ìtúnu.

Ohun tó ń dè yín nínú sìgá ni wọ́n ń pè ní níkótìn. Bí ẹ bá fà á tán, láàárín bíi wákàtí méjì, ìdajì rẹ̀ ti kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè òmíràn. Ìnira tó ń tẹ̀ lé e, ìkanra, orí fífọ́, àìlè jókòó sójú kan, kì í le tán lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ló máa ń le jù. Lẹ́yìn náà á máa rọlẹ̀, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti lọ. Ẹ wá wo ààwẹ̀ yín báyìí. Ẹ rìn fún wákàtí mẹ́rìnlá, ẹ dé ẹnu ọ̀nà, ládàánì pe ìrun, ẹ fi iná sí i. Ara padà síbi tó ti ń bọ̀. Lọ́jọ́ kejì ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ dé òpin rẹ̀, ìyà ọjọ́ àkọ́kọ́ lẹ ń jẹ lójoojúmọ́, ẹ ò débi ọjọ́ kẹta rí.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú ààwẹ̀ yẹn tó ṣe yín lóore. Láti ìdájí lẹ ti mọ̀ pé kò sí, ọ̀rọ̀ ti parí. Lẹ́yìn ọdún, gbogbo ìṣẹ́jú lẹ fi ń bá ara yín ṣe ẹjọ́: kí n fà á, àbí kí n má fà á. Ẹjọ́ yẹn ló ń rẹ èèyàn ju ẹnu tó ń yun ni lọ. Torí náà, ẹ mú ọjọ́ kan, kó má ju ọ̀sẹ̀ méjì sí òní lọ. Ẹ sọ ọ́ síta. Bí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá ti mọ́, kò sí ẹjọ́ mọ́.

Ní ti oògùn, ṣíngọ́ọ̀mù níkótìn wà, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara bíi páláásítà náà wà. Kì í ṣe gbogbo fámásì ní Ìkòròdú lẹ ti máa rí i, owó rẹ̀ ò sì kéré. Ẹni tó bá rí ṣíngọ́ọ̀mù rà, kó má jẹ ẹ́ bíi ti ọmọdé o. Ẹ rún un díẹ̀ títí ó fi máa ta yín lẹ́nu bí ata, ẹ wá fi há àárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti eyín, kó jókòó síbẹ̀. Tí títa náà bá lọ, ẹ tún rún un. Ẹni tó bá ń jẹ ẹ́ gbàmùgbàmù á gbé níkótìn mì, inú á máa ru ú, á wá máa sọ pé oògùn ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ẹni tó bá ń fa sìgá kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé tó jí, oní-4 mg ni tirẹ̀. Ẹni tó bá lè dúró ju bẹ́ẹ̀ lọ, oní-2 mg. Aboyún àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn, kí wọ́n kọ́kọ́ rí dókítà.

Bàbá Ìmọ̀ta, ẹ dákun sà, níkótìn kan náà ló wà nínú aáṣáà. Kò ní èéfín lóòótọ́, àmọ́ okùn tó ń deni wà níbẹ̀, jẹjẹrẹ ẹnu sì ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́
Ọjọ́ Ajé, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìyá ni mo jẹ́ fún ọ̀pọ̀ yín, ẹ jẹ́ n sọ tèmi.

Ẹja ni mò ń yan, Ojú Àlàrò ni mo ti ń tà á, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Kò sí èéfín tí ojú mi ò rí. Ojú á pọ́n, àyà á há, ikọ́ ò ní jẹ́ n sùn lóru. N ò fẹnu kan sìgá rí láyé mi. Ìgbà tí mo dé ọsibítù, dókítà bi mí pé ta ló ń fa sìgá nílé. Mo ní ọkọ mi ni. Ó ní ṣé mo rí i, èéfín méjì ló ń wọ̀ mí.

Mo délé, mo ní kí bàbá àwọn ọmọ jókòó. Mo ní, "Èéfín tèmi ló rán àwọn ọmọ wa níléèwé, òun ló kọ́ yàrá méjì tó wà lẹ́yìn yẹn. Èéfín tiyín, ta ló ń bọ́?" Wọn ò fèsì. Wọn ò fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà o, n ò ní parọ́ fún yín. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, ìta ni wọ́n ti ń fà á. Òjò ń rọ̀, ìta ni. Ẹ̀fọn ń jẹ wọ́n, ìta ni. Lọ́dún kejì, ìta sú wọn.

Wẹ́dà, ìyàwó rẹ tó mọ̀ tí kò sọ̀rọ̀ yẹn, lọ bá a sọ ọ́ kó tó sùn lónìí. Ẹni tó dákẹ́ ń kà á sílẹ̀ ni.

Alábòójútó
Ọjọ́ Ajé, 8:00 alẹ́

Mo ti yọ ìpolówó àgbo "fọ ẹ̀dọ̀fóró lọ́jọ́ mẹ́ta" tí ẹnì kan gbé síbí. Ẹ má gbé e padà.

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Ajé, 11:16 alẹ́

Ìyá, ẹ ṣé ma. Mo ti bá a sọ̀rọ̀. Ẹ mọ̀ pé èèpo ọsàn ni mo máa ń jẹ kí n tó sún mọ́ ọn lálẹ́, kí òórùn má baà jáde. Ó ní, "Ta lẹ rò pé ó ń ra ọsàn yẹn sílé? Ṣé ẹ rí mi kí n máa mu ọsàn?" Wọ́n ní èéfín nìwà. Ọdún mélòó ni mo fi ń fara pa mọ́ fún ẹni tó ń bá mi ra ohun tí mò ń fara pa mọ́ sí.

Apòògùn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹta yẹn là mí lójú. Mo rò pé ọ̀lẹ ni mí ni.

Mo ṣírò owó rẹ̀ níwájú ìyàwó mi. Lójúde ṣọ́ọ̀bù mi, ẹyọ kan ọgọ́rùn-ún náírà. Méjìlá lójúmọ́ jẹ́ ₦1,200. Lóṣù kan, ₦36,000. Lọ́dún kan, ₦438,000. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì torí mo rò pé fóònù ń ṣìṣe. Ẹyọ ẹyọ tí mò ń rà ni kò jẹ́ kí n rí i. Ká ní páàkì ni mò ń rà, ì bá ti dùn mí.

Mo tún kíyè sí nǹkan kan lónìí. Nínú méjìlá náà, mẹ́ta péré ni mo fẹ́ gan-an. Ti àárọ̀ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, ti ẹ̀yìn àmàlà ọ̀sán, àti èyí tó burú jù, tìgbà tí iná bá lọ. Iṣẹ́ wẹ́dà láìsí iná, ẹ mọ bó ṣe rí. Dísù ti wọ́n ju kí èèyàn tan jẹnẹ sí iṣẹ́ kékeré. Bí iná bá ti lọ báyìí, ọwọ́ á ṣófo, ojú gbogbo ọmọ iṣẹ́ á yí sí mi, ọ̀kan á ti dìde láti lọ bá àbókí. Àwọn mẹ́sàn-án tó kù, n ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí mò ń fà wọ́n.

Mo ti mú ọjọ́. Ọjọ́ Jímọ̀. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ní Jímọ̀, ọjọ́ kẹta tí Apòògùn ń sọ á bọ́ sí Àìkú. Mi ò ní ṣí ṣọ́ọ̀bù, n ò ní rí àbókí.

Tíṣà_Ìgbógbó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Ó dára gan-an. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, "ọ̀kan á ti dìde láti lọ bá àbókí." Ta ló máa ń dìde? Ọmọ ọdún mélòó ni?

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:22 àárọ̀

Èyí tó kéré jù. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Òun náà ló máa ń tan án bọ̀.

Tíṣà_Ìgbógbó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:45 àárọ̀

Kó lè tan án bọ̀, ó ní láti fà á.

N ò wàásù o. Òfin ìdarí tábà ti ọdún 2015 lórílẹ̀-èdè yìí sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ta sìgá fún ọmọ tí kò tíì pé 18, kò sì gbọ́dọ̀ tà á lẹ́yọ ẹyọ, páàkì ológún ni. Mo mọ ohun tí Bàbá Ìmọ̀ta máa sọ.

Bàbá_Ìmọ̀ta
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:10 àárọ̀

Òfin tí wọ́n kọ sínú ìwé ní Àbújá! Ta ló rí ọlọ́pàá tó mú àbókí lórí ẹyọ sìgá?

Tíṣà_Ìgbógbó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:19 àárọ̀

Òótọ́ lẹ sọ sà, kò sẹ́ni tó ń mú wọn. Àmọ́ ẹ wo ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́. Ọmọ mẹ́rìnlá tó ní ọgọ́rùn-ún náírà oúnjẹ ọ̀sán lápò kò lè ra ogún. Ó lè ra ẹyọ kan.

Bàbá_Ìmọ̀ta
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:31 àárọ̀

Ìyẹn bọ́ sí i. Mo ní ọmọ-ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀.

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Jímọ̀, 9:03 alẹ́

Ọjọ́ kìíní parí. Mo ti sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù, mo sì bẹ àbókí pé bí mo bá nawọ́ sí i, kó má dá mi lóhùn. Ó ní òun á dá mi lóhùn, oníbàárà ni mí. Ó kéré tán, kò tàn mí jẹ.

N ò rí ṣíngọ́ọ̀mù yẹn rà ní fámásì méjì tí mo dé. Obì ni mo fi ń dí ẹnu.

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4:11 ìdájí

Oorun ò wá. Ọkàn mi ń lù kìkì. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí?

Apòògùn_Agric
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:30 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, obì mélòó lẹ jẹ lánàá?

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:34 àárọ̀

Mẹ́rin. Bóyá márùn-ún.

Apòògùn_Agric
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:52 àárọ̀

Ibẹ̀ ni nǹkan wà. Káféènì wà nínú obì, bíi ti kọfí. Èéfín sìgá máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè túká káféènì. Nígbà tí ẹ ń fa sìgá, ẹ lè jẹ obì mẹ́rin kí ẹ sì sùn fọnfọn. Ní báyìí tí sìgá ti dáwọ́ dúró, obì mẹ́rin kan náà á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àìsùn àti ọkàn tó ń lù kìkì yẹn, ọ̀pọ̀ èèyàn á rò pé àìfa sìgá ló ń pa wọ́n, wọ́n á sáré padà sídìí ẹ̀. Ẹ fi obì sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ fi pákò dí ẹnu.

Bí inú bá le, tí ìgbẹ́ ò wá láàárọ̀, ẹ má fòyà. Níkótìn ti ń bá ìfun yín ṣiṣẹ́ láti ọdún méjìdínlógún, ó ní láti kọ́ bó ṣe máa dá ṣe é. Ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́, omi púpọ̀.

Àti pé ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi. Èéfín wẹ́dà fúnra rẹ̀, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti 2017. Ẹ jọ ń jẹ méjì bíi ti Ìyá Ẹlẹ́ja ni. Ẹ máa jó irin níta gbangba, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gbé e lọ kúrò lójú yín, kí ẹ sì wá ìbòmú tó jẹ́ ti wẹ́dà, kì í ṣe áńkáṣífù. Ẹni tó bá sì ń wúkọ́ tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ọ̀fẹ́ ni ìjọba ń ṣe é, oògùn rẹ̀ náà ọ̀fẹ́ ni.

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Àìkú, 8:55 alẹ́

Ọjọ́ kẹta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi mí ní ìbéèrè. Mo jágbe mọ́ ìyàwó mi lórí iyọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ rìn jáde kí n má baà bá gbogbo ilé jà, mo rìn títí mo fi bá ara mi létí ọ̀sà ní Ìpàkodò. Mo ní kí n jókòó kí n máa wo omi. Àwọn kan ń tún àwọ̀n ṣe níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń fa sìgá, atẹ́gùn ọ̀sà ń gbé e bọ̀ tààrà síhìn-ín. Mo dìde, mo tún rìn padà sílé. Bàtà mi ti já.

Ará_Sábó
Ọjọ́ Àìkú, 9:01 alẹ́

Ẹ kú ẹsẹ̀ o. Láti ibo dé Ìpàkodò!

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́
Ọjọ́ Àìkú, 9:20 alẹ́

Bẹ ìyàwó rẹ lórí iyọ̀ náà.

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Àìkú, 9:26 alẹ́

Mo ti bẹ̀ ẹ́ ma. Ó ní òun ti mọ̀ pé sìgá ló ń jágbe.

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́bọ̀, 7:15 alẹ́ (ọjọ́ kẹrìnlá)

Ẹ má bínú pé mo dákẹ́. Ó rọlẹ̀ bí Apòògùn ṣe wí. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti lọ, ìbẹ́pẹ gba ipò rẹ̀. Ti ẹ̀yìn àmàlà, mo máa ń dìde lẹ́yìn oúnjẹ lọ fọ abọ́ fúnra mi, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Ikọ́ ló wá ń wú jáde báyìí, ó pọ̀ ju ìgbà tí mò ń fà á lọ. Kí ló fà á?

Apòògùn_Agric
Ọjọ́bọ̀, 8:40 alẹ́

Àwọn irun tín-ín-rín kan wà nínú ọ̀nà ọ̀fun tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gbá ìdọ̀tí jáde. Èéfín ti mú wọn rọ tipẹ́. Wọ́n ti ń jí, wọ́n ń gbálẹ̀ ni. Ó yẹ kó dínkù bí oṣù ṣe ń lọ. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, tàbí tí ẹ bá ń rù, ẹ má dúró de oṣù kankan, ẹ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:48 alẹ́ (ọjọ́ kọkàndínlógún)

Mo ṣubú.

Iṣẹ́ géètì kan wà lọ́wọ́ mi, ọjọ́ mẹ́ta kò síná. Onígéètì dé, ó ń pariwo lójú gbogbo ọmọ iṣẹ́, ó ní olè ni mí. Bó ṣe ń pariwo náà ló ń fa sìgá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀, ó na páàkì sí mi, bí ẹni ń bẹni. Mo mú un. Mo fà á tán. Òòyì kọ́ mi, mo fara ti ògiri. Kò tiẹ̀ dùn. Mo ti ba ọjọ́ méjìdínlógún jẹ́ lórí nǹkan tí kò dùn.

Dẹ́rẹ́bà_Ìtòkín
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:59 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bara jẹ́. Ẹ wá sórí márùn-ún bíi tèmi.

Apòògùn_Agric
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:10 alẹ́

Dẹ́rẹ́bà, fi wọ́n sílẹ̀! Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ méjìdínlógún yẹn ò bàjẹ́, ara yín ṣì wà níbi tó dé, òòyì tó kọ́ yín ni ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó fi í sílẹ̀ pátápátá ni wọn ò ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Ẹyọ kan yẹn ò tíì dá yín padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ẹyọ kejì ni kí ẹ bẹ̀rù, àti àròyé tó máa ń ṣáájú rẹ̀, "ó ṣáà ti bàjẹ́ ná." Ṣé ẹ ti fa òmíràn láti ìgbà náà?

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:14 alẹ́

Rárá.

Ìyá_Ẹlẹ́ja_Ẹ̀pẹ́
Ọjọ́rú, 5:30 àárọ̀

Bàbá àwọn ọmọ mi ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta, òkú ẹ̀gbọ́n wọn là ń sin. Mo wò wọ́n, mo gbójú kúrò. Ojú tì wọ́n ju kí n sọ̀rọ̀ lọ. Ṣé iná ti dé?

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́rú, 6:02 àárọ̀

Ó dé lóru ma. Mo ń lọ jó géètì náà.

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Àìkú, 4:30 ìrọ̀lẹ́ (ọjọ́ kejìdínlógójì)

Mo ní kí n wá jíṣẹ́. Láti ti onígéètì yẹn, n ò fẹnu kàn án mọ́.

Èyí tó le jù nínú mẹ́ta náà ni mo rí ọ̀nà gbé e gbà. Bí iná bá ti lọ, mo ti ya iṣẹ́ tí kò fẹ́ iná sọ́tọ̀ de ìgbà náà. Ìdàrọ́ tó wà lára irin tí a ti jó, a máa ń fi òòlù kékeré gbá a dànù. Tẹ́lẹ̀, àwọn ọmọ iṣẹ́ ló ń ṣe é. Ní báyìí, èmi ni mò ń gbá a. Ariwo ẹ̀ á gba gbogbo àdúgbò, ọwọ́ ò ní ṣófo. Àwọn aládùúgbò ti mọ̀ pé bí wọ́n bá ń gbọ́ kóń-kóń-kóń, iná ti lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mẹ́rìnlá yẹn dìde bó ṣe máa ń ṣe, ó na ọwọ́ fún owó. Mo wò ó. Mo pè é sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo bi í bóyá ó ti ń fà á. Ó ní, "Ọ̀gá, tẹ́ ẹ bá rán mi nìkan." Ọ̀rọ̀ náà gún mi ju ti àwo dàbínù lọ. Mo ti ní kó jókòó tì mí kó máa wo bí wọ́n ṣe ń wọn igun géètì. Ó mọ ìṣirò jù mí lọ.

Owó oṣù àkọ́kọ́, ìyàwó mi gbà á. Kò tíì sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọsàn ni kò rà mọ́.

Bàbá_Ìmọ̀ta
Ọjọ́ Àìkú, 5:12 ìrọ̀lẹ́

O ṣeun, wẹ́dà. Mo fún ọmọ-ọmọ mi ní nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù kan kó lọ kọ́ṣẹ́. Mo kọ́kọ́ bi ọ̀gá ibẹ̀ pé ṣé ó ń fa sìgá.

Dẹ́rẹ́bà_Ìtòkín
Ọjọ́ Àìkú, 9:47 alẹ́

Bọ̀dá wẹ́dà, ẹ kú alẹ́. Mo ka gbogbo rẹ̀ láti òkè lónìí, mo tún un kà. Márùn-ún yìí ti ń sú èmi náà. Bí ẹ ṣe ka ọjọ́ mẹ́ta yẹn sórí Àìkú, ẹ bá mi kà á, èmi ò mọ ọjọ́ tí mo lè mú. Ojoojúmọ́ ni mò ń wa ọkọ̀.

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Àìkú, 9:53 alẹ́

Ọjọ́ tí wọ́n máa ń tún ọkọ̀ yín ṣe lẹ máa mú. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ sọ fún un pé kó má yára.

Dẹ́rẹ́bà_Ìtòkín
Ọjọ́ Àìkú, 9:55 alẹ́

Mẹkáníìkì mi ló ń fún mi ní ìkẹta nínú márùn-ún náà.

Wẹ́dà_Òdógunyàn
Ọjọ́ Àìkú, 9:56 alẹ́

Ẹ gbé e wá sí Òdógunyàn. Mo mọ ẹlòmíràn.